Ọjọ́ tí Wọ́n Lu Aago fún Adímírà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ kì í fẹ́ kí ènìyàn jókòó nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òun, n ò sì fẹ́ kó dà bíi pé a ò mọ ìwà hù. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá tó àsìkò láti jókòó, màá sọ fún yín.

Èbúté kan wà tí òkè méjì gbá mọ́ra. Bí òkun tó wà lóde bá ń bínú, omi inú èbúté náà á ṣe jẹ́jẹ́, àwọn ọkọ̀ á máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Nítorí ìyẹn ni àwọn ológun ojú omi ṣe fi ibẹ̀ ṣe ibùdó láyé àtijọ́, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ogun ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ogun tán tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi ilé òkúta gígùn-gígùn sílẹ̀, wọ́n fi ìbọn àgbá tí ẹyẹ òkun ń sùn sí lẹ́nu sílẹ̀, wọ́n sì fi Kòtò sílẹ̀.

Kòtò yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ létí omi, ó fẹ̀, ó jìn. Ògiri ẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn irin kan sì wà lẹ́nu ẹ̀ tó dojú kọ omi. Bí ìdí ọkọ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á jẹ́ kí omi kún inú Kòtò, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á léfòó wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa omi jáde, ọkọ̀ á rọra jókòó sórí àwọn ìtì igi tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é. Ìgbà náà ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà á wá bọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Aago ńlá kan wà lórí òpó lẹ́bàá Kòtò. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ jáde ni. Bí wọ́n bá tún un lù, omi ń bọ̀ nìyẹn. Ní èbúté yẹn, ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá ẹ̀ ti mọ aago. Wọn kì í gbọ́ ọ kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè pé kí ló dé. Ẹsẹ̀ wọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí etí tó gbọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá wọlé.

Alábòójútó Èbúté ni orúkọ iṣẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju kó rí i pé ọkọ̀ wọlé láyọ̀, kó jáde láyọ̀, kí iná tó wà lórí òkè sì máa tàn. Iṣẹ́ ẹni tó ní làákàyè díẹ̀ àti bàtà tí kì í yọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tó ń yẹ ilé ìkẹ́rùsí àwọn ológun wò, ó rí ẹ̀wù adímírà kan, ìyẹn ọ̀gá àgbà ológun ojú omi, nínú àpótí. Ẹ̀wù dúdú, bọ́tìnnì wúrà, okùn wúrà léjìká. Ẹni tó ni ín ti kú kí wọ́n tó bí bàbá Ọ̀gá. Ọ̀gá wọ̀ ọ́. Apá ẹ̀ kúrú, ó há a níkùn, ó sì ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Ó wo ara ẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, orí ẹ̀ wú. Láti ọjọ́ yẹn, kì í bọ́ ẹ̀wù náà àfi tó bá fẹ́ wẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì sì sọ pé kì í wẹ̀ púpọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Adímírà. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn òun, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Àṣẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo apẹja tó bá ń kọjá níwájú fèrèsé òun ṣí fìlà, ẹni tí kò bá ní fìlà kó lọ ra ọ̀kan kó lè rí nǹkan ṣí. Ó ní kí wọ́n kun àwọn òkúta etí omi ní funfun. Ìgbì á fọ̀ wọ́n lọ, wọ́n á tún wọn kùn, ìgbì á tún dé. Ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ìbọn àgbá, ó fi sọ fún àwọn ẹyẹ òkun pé kí wọ́n kó jáde. Àwọn ẹyẹ náà lo ìwé ọ̀hún bó ṣe wù wọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe lò ó.

Ṣùgbọ́n àṣẹ tó ju gbogbo wọn lọ ni ti oríkì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá Adímírà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kì í lọ́nà mẹ́ta, kó tó sọ ohun tó bá wá. Akọ̀wé ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kì jù. Ọkùnrin tín-ín-rín ni Akọ̀wé, ó tẹ̀ léjìká nítorí ìkúnlẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Tó bá ti kì í tán, Adímírà á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà á sì gùn ju oríkì lọ. Kó tó parí, àsìkò oúnjẹ á ti tó, oníṣẹ́ á sì máa lọ. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti sọ nǹkan kan fún Adímírà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kì í, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́kọ̀. Òun ló ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti etí èbúté kan sí èkejì: àwọn ọmọ iléèwé, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó kàn fẹ́ lọ kí ọmọ wọn. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló jókòó nídìí ọkọ̀, tó pọn Adímírà sẹ́yìn, tó sì ń tukọ̀ lọ tó ń tukọ̀ bọ̀. Ní báyìí, kòkòrò omi ti jẹ ìdí ọkọ̀ náà, ó ti ń mu omi. Ó so ó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn Kòtò, òun àti àwọn èrò ẹ̀ ń fi korobá gbọ́n omi láti òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn òkun ti fẹ́ yí padà. Tó bá yí, omi inú èbúté náà á ru díẹ̀, ọkọ̀ tí ìdí ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ò ní í kúrò níbẹ̀ láyè. Kòtò wà níbẹ̀, ó ṣófo, ó ń gba oòrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu àbúrò ẹ̀ ló kù.

Ó wọ ọ́fíìsì, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ní, "Àbúrò mi, ọkọ̀ ń mu omi. Jẹ́ kí n gbé e wọ Kòtò."

Akọ̀wé wúkọ́, ó rán an létí pé wọn ò tíì kì Adímírà. Ìyá Ọlọ́kọ̀ wò ó látòkè délẹ̀.

"Èmi tí mo ń fọ ìdí ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré," ó ní, "èmi náà ni kí n máa kì í?"

Akọ̀wé bojú wolẹ̀. Adímírà dìde, ó fa ẹ̀wù ẹ̀ wálẹ̀ níbi tó ti há, ó wo òkè àjà bíi pé àwọn èrò wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "nínú ọ́fíìsì yìí, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ìjọba ló wà. Kòtò yẹn ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń tún igi jíjẹrà ṣe. Gbọ̀ngàn Ògo ni. Ibẹ̀ ni Mínísítà fúnra ẹ̀ máa wá jókòó sí, tí á wo ohun tí mo sọ èbúté yìí dà. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè, kí ẹ fún Akọ̀wé."

Ó dun Ìyá Ọlọ́kọ̀ dé ọkàn. Ó wo ojú àbúrò ẹ̀ títí, bóyá á rí ọmọ tó pọ̀n nígbà kan níbẹ̀, kò rí i. Ó ní òun ò ní í kọ ìwé kankan. Ẹnu ilẹ̀kùn Kòtò ni ọkọ̀ òun wà, ibẹ̀ ni òun náà máa dúró sí. Ó jáde. Nǹkan kan gún Adímírà láyà lẹ́yìn tó lọ, àmọ́ ó rò pé bọ́tìnnì ni.

Ìpalẹ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀. Adímírà fẹ́ pèpéle gíga kan láàárín Kòtò, níbi tí òun máa dúró sí láti bá Mínísítà àti gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Igi kò sí, ó ní kí wọ́n lo àwọn ìtì igi tí ọkọ̀ máa ń jókòó lé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wo ara wọn lójú. Wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà to ìtì igi yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe máa ń tò ó fún ọkọ̀, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó: ó gùn, ó tọ́, ó sì le gbagidi. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa lé e lórí. Wọ́n to àga sí ìsàlẹ̀ Kòtò fún àwọn àlejò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, Adímírà sì ní kí wọ́n kọjú méjì nínú wọn sí òun, kí òun náà lè máa gbádùn ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè, àfi Bàbá Onílẹ̀kùn. Bàbá yìí ló ń yí irin tó ń jẹ́ kí omi wọ Kòtò, òun náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ògiri ni ilé kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ wà, kò lè rí inú Kòtò láti ibẹ̀, aago nìkan ló ń gbọ́. Akọ̀wé ní ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò dára tó láti rí Mínísítà, kó jókòó síbi tó wà. Bàbá ti wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsí ẹni tó lu aago, ó ti ń rò ó pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Adímírà wá pe Akọ̀wé. Orí tó wú ti jẹ́ kó gbàgbé ohun tí aago ń wí. Ó ní gbogbo ẹni ńlá láyé ni wọ́n máa ń lu nǹkan fún. "Tí mo bá dìde, ẹ lu aago. Tí mo bá ṣí ìwé ọ̀rọ̀ mi, ẹ tún un lù."

Òógùn bo Akọ̀wé. Inú Kòtò yẹn ni bàbá ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí tó fi darúgbó, kò sí bí kò ṣe ní í mọ ohun tí aago wí. Ó pinnu pé òun máa sọ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ó ní, "Ìràwọ̀ etí òkun." Ó ní, "Ìdákọ̀ró tó di ìlú mú." Èyí dùn mọ́ Adímírà débi pé ó ní kó tún un sọ, kó sì rọra sọ ọ́. Akọ̀wé tún un sọ. Ó ní, "Ọkọ̀ ńlá tí ìgbì ń yà fún." Adímírà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí tí télọ̀ fi dé láti wá tú ẹ̀wù náà sílẹ̀ díẹ̀ níkùn. Akọ̀wé gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e wá, kò sì lè jẹun.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú Kòtò, wọ́n jókòó níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn ìdílé wọn kún ẹ̀yìn. Lóde, lẹ́nu ilẹ̀kùn irin, Ìyá Ọlọ́kọ̀ àti àwọn èrò ẹ̀ ń gbọ́n omi.

Adímírà gun pèpéle, ó dìde dúró, ó kó ikùn sínú. Aago dún.

Gbogbo wọn dìde pọ̀. Ìyá gbé ọmọ ẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà mú fìlà ẹ̀, wọ́n kọrí sí àtẹ̀gùn, wọ́n ń gòkè. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ pé ayẹyẹ ni, wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò dúró. Ní ti Mínísítà, olóṣèlú tó mọṣẹ́ ẹ̀ ni. Tó bá ti rí èrò tó ń lọ síbì kan, ó máa ń sáré lọ síwájú wọn. Òun ló kọ́kọ́ dé òkè.

Omi lé sójú Adímírà. Ó ti ń retí kí wọ́n dìde fún òun, àmọ́ kò rò ó pé wọ́n máa dìde tó báyẹn. Ó dá a lójú pé wọ́n ń lọ sókè kí wọ́n lè rí òun látòkè délẹ̀ ni. Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó ṣí ìwé. Aago tún dún.

Lẹ́yìn ògiri, Bàbá Onílẹ̀kùn fò dìde. Inú ẹ̀ dùn. "Wọ́n rántí mi," ló wí, ó tutọ́ sọ́wọ́, ó dì mọ́ irin, ó yí i dé ibi tó lè dé.

"Ẹ̀yin ará mi," Adímírà bẹ̀rẹ̀, "kí n tó dé èbúté yìí, kí ni omi? Omi lásán ni! Ta ló kọ́ omi ní ìwà? Ta ló sọ fún omi ibi tó yẹ kó dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé?"

Omi ti dé ìdí àga tí Mínísítà fi sílẹ̀.

Ó ń ka ìwé lọ. Kò gbójú sókè, nítorí ó ti kọ sínú ìwé náà pé kí òun má gbójú sókè títí àtẹ́wọ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò ń juwọ́ lókè, wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti di í létí, ohùn ara ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Àwọn àga ti ń léfòó káàkiri bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń wá oúnjẹ. Akọ̀wé sáré láti ìdí aago dé etí Kòtò, ó gba ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé ohùn jáde lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó gbé e sẹ́nu láti kìlọ̀ fún ọ̀gá ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rò pé ó jáde?

"Ìràwọ̀ etí òkun!" ni Akọ̀wé wí. Kò mọ ibòmíràn tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Adímírà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ka ìwé lọ. Nígbà tí Akọ̀wé fi dé oríkì kẹta, ti ọkọ̀ ńlá tí ìgbì ń yà fún, ìgbì ti gun pèpéle. Wáyà ẹ̀rọ kan omi, ẹ̀rọ náà kú. Ohùn Adímírà ṣàdédé kéré bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí. Ó gbójú sókè. Ó rí i pé òun nìkan ló kù. Ó wo ìsàlẹ̀, kò rí bàtà ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé láti sọ nǹkan kan fún yín. Adímírà wa ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Kò lè sáré dé àtẹ̀gùn, omi ti jìn láàárín òun àti ibẹ̀. Ó di òpó ẹ̀rọ náà mú. Omi dé orúnkún ẹ̀, ó dé ìbàdí, ẹ̀wù adímírà ń mu omi, ó ń wúwo, ó ń fà á wálẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tòótọ́, ẹ̀rù tí kò ní bọ́tìnnì. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi okùn sọ ọkọ̀ kékeré kan kalẹ̀ láti òkè, Ìyá Ọlọ́kọ̀ ló sì wà nínú ẹ̀. Bó ṣe gbọ́ aago kejì ló ti ju korobá sílẹ̀, tó sáré wá.

Ó wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ pèpéle.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Adímírà ní, láìsí oríkì, láìsí nǹkan kan, "ẹ gbà mí."

"Kí lo rò pé mo wá ṣe? Bọ́ ẹ̀wù yẹn. Ó máa dojú ọkọ̀ yìí dé."

Ó di ẹ̀wù náà mú láyà. Omi ti dé ibẹ̀ báyìí. "Ẹ̀wù oyè mi ni."

"Ta ló fi ọ́ joyè? Àpótí? Bọ́ ọ, ọmọ ìyá mi. Jọ̀ọ́, bọ́ ọ."

Ohùn ẹ̀ gbọ̀n bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Adímírà gbọ́ ọ, ohun tí aago àti ẹ̀rọ àti omi ò lè ṣe, gbígbọ̀n yẹn ṣe é. Ó bọ́ ẹ̀wù. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ki ọwọ́ sábẹ́ apá ẹ̀ méjèèjì, ó gbé e bó ṣe máa ń gbé e nígbà tó wà lọ́mọdé, ó jù ú sí ìdí ọkọ̀. Singilẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti ya lẹ́yìn. Ẹ̀wù dúdú náà léfòó díẹ̀, ó na apá méjèèjì bíi pé òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ, lẹ́yìn náà ó rì.

Kòtò kún. Bàbá Onílẹ̀kùn yọrí lókè ògiri, ó rí Mínísítà, ó rí àga lójú omi, kò yé e, àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó béèrè ohun tó máa ń béèrè látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀: "Ọkọ̀ wo ló ń wọlé?"

Gbogbo ojú yí sí Adímírà. Òun ṣì ni Alábòójútó, kò sẹ́ni tó tíì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jókòó nínú omi ní ìdí ọkọ̀ kékeré náà, ó ń gbọ̀n. Kò wo òkè. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń wò, ẹ̀yìn kan náà tó fi pọ̀n ọ́n nígbà kan.

"Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Àṣẹ tó kúrú jù tó pa láyé ẹ̀ nìyẹn, òun sì ni àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún láìjẹ́ pé wọ́n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ̀ tó ń jò náà wọlé tòun ti àwọn èrò ẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa omi jáde. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ náà rọra jókòó sórí pèpéle Adímírà, lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, ó sì bá a mu rẹ́gí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ò sún igi kankan. Mínísítà dúró lókè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní òun ti wo ayẹyẹ púpọ̀, èyí nìkan ni òun rí i pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Adímírà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ fún un pé kó lọ sinmi, kó má sì padà wá. Atẹ́gùn òkun yí padà kò pẹ́ sígbà náà, omi ru, ọkọ̀ Ìyá Ọlọ́kọ̀ sì wà nínú Kòtò, tí wọ́n ń kan pákó tuntun sí i nídìí.

Wọ́n ní nígbà tí Alábòójútó tuntun dé, Akọ̀wé kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ní, "Ìràwọ̀ etí òkun." Obìnrin náà ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Orí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni Adímírà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ń so okùn, ó ń fa àwọn arúgbó lọ́wọ́ wọlé, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ṣì máa ń kó ikùn sínú tí èrò bá pọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń pè é ní Adímírà, ó ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bí aago Kòtò bá ti dún lẹ́ẹ̀kan péré, ibi yòówù kó wà, ìbáà jẹ́ nídìí oúnjẹ, ìbáà jẹ́ láàárín omi lórí ọkọ̀ tí kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde, á wá ibi gíga gùn, á sì dúró síbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á fi ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ṣé. Ẹ lè jókòó.